Òpó Inú Ilé Ìdáná

Páànù kejì ni Sódìq ń tú lọ́wọ́ lórí ilé ìdáná Ìyá Hàlímọ̀, ìyá náà sì dúró nísàlẹ̀, ó ń ṣa àwọn ìṣó tó ń jábọ́ sínú abọ́ kékeré kan kí wọ́n má baà sọnù. Kò bínú rárá. Ẹ̀rù tó ti ń bà á láti àárọ̀, tí àwọn sọ́fíyọ̀ tó ń wọnlẹ̀ ti gúnlẹ̀ sí àgọ́ Omifunfun, ṣẹ̀ṣẹ̀ tán lára rẹ̀ ni. Ìgbà tí kò lè fara dà á mọ́ ni ó wá bá Ṣàkírát, obìnrin tó ṣáájú wọn, létí odò, ó fẹ́ kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun ti mọ ilé ìdáná yí òpó ìjọba ká, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má ju òun sẹ́wọ̀n.

Ṣàkírát yára gbá a mú, ó ní kí àgbà má kúnlẹ̀ fún òun. Òpó wo? Ìyá náà mú un wọlé, ó gbé ìkòkò omi kúrò nígun ògiri, òpó kọnkéré kúkúrú kan sì yọ, tí kò ga tó orúnkún. Idẹ róbótó kan wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà sì wà lára idẹ náà.

Ọdún tí wọ́n sọ àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ, bí ìyá náà ṣe ròyìn rẹ̀, ni ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá wá ri òpó náà mọ́lẹ̀, tó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò fẹ̀wọ̀n jura. Ọ̀nà Ìlọrin ni ọ̀pọ̀ àwọn ará àgọ́ yìí ti wá dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìjọba ṣeré. Nígbà tí ilé ń fẹ̀ sí i, wọn kò jẹ́ wó òpó náà. Wọ́n kọ́lé yí i ká ni.

"Èmi ò tiẹ̀ gún iyán nítòsí ẹ̀ rí," ni Ìyá Hàlímọ̀ wí. "Omi nìkan ni mò ń gbé lé e."

Ṣàkírát rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì ni ẹ̀rín ìkẹyìn tí ó rín lọ́jọ́ náà. Ó ṣí ìwé àwọn òpó àtijọ́, tí wọ́n fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó, tó máa ń wà nínú àpò rẹ̀. Òpó Omifunfun wà níbẹ̀ lóòótọ́, gíga rẹ̀ sì ni mítà 31.46, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi bírò pupa fa ìlà lé e, ó kọ "Ti wó" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà ju ti ara rẹ̀ lọ. Ọwọ́ Bàbá Láoyè, ọ̀gá rẹ̀, ni. Ó ní bóyá ẹnì kan ló parọ́ fún Bàbá.

Láoyè kì í ṣe ọ̀gá lásán fún un. Ùsmọ́n, bàbá tó bí i, jẹ́ awakọ̀ ní gáréèjì Ore, ọ̀rẹ́ ni òun àti Láoyè. Nígbà tí Ùsmọ́n kú, tí Ṣàkírát ń kiri búrẹ́dì fún àwọn èrò ọkọ̀ Bìní, Láoyè ló gba igbá lórí rẹ̀, tó gbé ọ̀pá ìwọnlẹ̀ lé e lọ́wọ́, tó rán an lọ sílé ìwé. "Bàbá" ni ó ń pè é, kì í sì í ṣe ẹnu lásán.

Láoyè náà ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ tó gbé e wá sí Omifunfun. Àwọn kan fẹ́ kọ́ èbúté tí wọn yóò ti máa kó igi gẹdú sójú omi, wọ́n sì ní kí ọ́fíìsì Láoyè wọn odò àti bèbè rẹ̀. Sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ọkọ̀ wà lójú omi, àmọ́ sátẹ́láìtì máa ń fi mítà kan tàbí méjì ṣì í. Nítorí náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sórí òrùlé ọ́fíìsì wọn ní Ore, wọ́n ń pè é ní ìyá. Wọ́n ti tẹ ibi tí ìyá jókòó sí àti bó ṣe ga tó sínú rẹ̀. Bí sátẹ́láìtì bá ti ṣì í, ó mọ̀, á sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀rọ kékeré inú ọkọ̀, ìyẹn ọmọ. Ohun tí ìyá bá wí ni ọmọ ń gbà, bó jẹ́ òótọ́, bó jẹ́ irọ́.

Aago méje àárọ̀ ni Ṣàkírát ti tẹ àdírẹ́sì ìyá àti ọ̀rọ̀ aṣínà sínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wọn odò. Iná pupa di yẹ́lò, yẹ́lò di àwọ̀ ewé. Sódìq tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ní kí wọ́n máa lọ nìyẹn. Ṣàkírát kọ̀. Láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Láoyè ti ń kì í nílọ̀ pé kò gbọdọ̀ torí iná gba ẹ̀rọ gbọ́, kó wá ohun tí ó mọ̀, kó fi ọ̀pá lé e, kó tó wọ omi. Ó ti fi ọ̀pá lé èèkàn tuntun kan tí Láoyè ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìyá kan náà wọ̀n, tó ní kó lò lójú ọ̀nà, ó sì bá a mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n òpó àtijọ́ ló wá wà níwájú rẹ̀ yìí. Báwo ni yóò ṣe rí i, tí yóò kọjá? Ìdí nìyẹn tí Sódìq fi wà lórí ilé, kí sátẹ́láìtì lè rí ojú ọ̀run.

Ó gbé ọ̀pá lé orí idẹ náà. Nọ́ńbà tó jáde ni 29.94.

Ó ní àṣìṣe òun ni. Ó tún un gbé, 29.94. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn, ó ka oókan lọ dé ọgọ́rùn-ún kó tó wò ó. 29.94. Mítà kan ààbọ̀ àti díẹ̀ ti wọ ilẹ̀ lọ.

Ó jókòó sórí àpótí ìdáná. Òun náà ló kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ ìròyìn wọn pé àmì ibi tí àkúnya odò ga dé rí ni 30.80. Ilé tó bá wà lókè àmì náà, àwọn elébùúté gbọ́dọ̀ jókòó bá onílé sọ̀rọ̀. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ijọ́ kan ni wọn yóò fi wó o, wọn kò ní bi ẹnikẹ́ni. Àgọ́ tí omi kò wọ̀ rí láti ọgbọ̀n ọdún yóò rì pátápátá nínú ìwé tí Ṣàkírát fẹ́ fọwọ́ sí.

Ó fi fóònù wọ inú ẹ̀rọ ìyá tó wà ní Ore láti ibi tó jókòó sí. Ẹ̀rọ náà máa ń kọ ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá yí nǹkan padà sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n yí gíga ìyá láti 88.74 sí 87.22. Orúkọ ẹni tó yí i padà wà ní iwájú rẹ̀: ṢÀKÍRÁT.

Aago mẹ́rin Ọjọ́bọ̀ yẹn, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni ó wà, ibà dá a wó, wọ́n ń fa omi sí i lára. Ó rántí ẹni tó wá kí i lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Láoyè gbé ọsàn wá, ó bó o fún un fúnra rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ ìyá ń yọ òun lẹ́nu, kó fún òun ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kí iṣẹ́ má baà dúró. Ó sọ ọ́ fún un, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dùn ún débi pé omijé kò wá. Ó jáde síta, ó pè é.

"Bàbá, ẹ káàsán, sà. Orí òpó Omifunfun ni mo wà."

Ariwo ọkọ̀ Ore ń gba inú fóònù wọlé.

"Ṣé òpó yẹn ṣì wà ni?" ni Láoyè bi í.

Ṣàkírát ti ń retí kó bínú, kó ní irọ́ ni, kó ní kí ó tún ẹ̀rọ náà wò. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí parí gbogbo rẹ̀. Láoyè bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé pé àlejò ni àwọn ènìyàn náà, pé ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn, pé lọ́jọ́ kan ṣá, wọn yóò kúrò níbẹ̀. Ṣàkírát jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Orúkọ mi lẹ fi ṣe é, sà."

"Tìẹ ni kò ní le," ni Láoyè wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tó ń bó ọsàn. "Tí wọ́n bá rí i, wọ́n á ní ọmọdé ló ṣàṣìṣe. Èmi, wọn ò ní gbà pé mo ṣàṣìṣe."

Ṣàkírát gé ìpè náà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọkùnrin yìí fi tọ́ ọ dàgbà, ó sì ti wo orúkọ rẹ̀ títí, ó rí i pé ó wúlò fún ohun tí òun kò lè fi tòun ṣe.

Nígbà tí ó padà wọlé, Ìyá Hàlímọ̀ ti bu omi sínú ife fún un. Ó mu ún tán lórí ìdúró, ó sì béèrè bóyá wọ́n lè fi páànù náà sílẹ̀ ní títú títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá náà ní kí ló dé.

"Òpó yín ló máa ṣe ìyá fún wa lónìí, mà."

Kò yé ìyá náà, ṣùgbọ́n ó gbé ìkòkò rẹ̀ síta. Ṣàkírát gbé ẹ̀rọ kejì tó wà nínú ọkọ̀ ka orí idẹ náà, ó tẹ 31.46 fún un, ó so ó mọ́ rédíò kékeré tí yóò máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sójú odò. Ó pa àdírẹ́sì Ore rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Fóònù rẹ̀ ń gbọ̀n lórí àpótí, "Bàbá" ló yọ lójú rẹ̀, ó tún gbọ̀n, ó tún dákẹ́. Ó béèrè lọ́wọ́ Ìyá Hàlímọ̀ ohun tí ọkùnrin tó ri òpó náà jọ.

"Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́," ni ìyá náà wí. "Àlàfo wà ní eyín iwájú rẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni. Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni wó o, títí kan òun gan-an."

Ṣàkírát mọ àlàfo eyín náà. Ti Láoyè ni.

Létí odò, iná pupa di yẹ́lò, yẹ́lò di àwọ̀ ewé. Sódìq di okùn ẹ́ńjìnnì mú, ó ń dúró dè é. Ṣàkírát wo iná náà, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì gbé ọ̀pá rẹ̀ lọ wá ohun tí ó mọ̀, bí Láoyè ṣe kọ́ ọ.