Bàtà Tí Kò Dún Lẹ́yìn Ìyáálé

Orúkọ tí àwọn òbí obìnrin aránṣọ náà sọ ọ́ wà nínú ìwé níbì kan, ṣùgbọ́n Ẹ̀fúùfù ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ àbísọ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹni; inagijẹ ni ènìyàn ń fi òógùn rà, obìnrin yìí sì ti fi òógùn ra tirẹ̀. Lọ́dọọdún tí àdúgbò bá sá eré ìje, tí wọ́n gbéra níwájú ilé-ìwé, tí wọ́n gba ẹ̀bá odò, tí wọ́n gun òkè, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí pápá bọ́ọ̀lù, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí àyà rẹ̀ máa ń kan okùn ìparí. Àwọn oníbàárà tí ń wá wọn aṣọ kì í kí i tán kí wọ́n tó bi í pé, "Ẹ̀fúùfù, ṣé ẹ máa tún fẹ́ lọ́dún yìí?" Òun a há píìnì sí ètè, a rẹ́rìn-ín abẹ́ imú, a sì máa fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kíkankíkan, àfi bí ẹni pé ẹ̀rọ náà pẹ̀lú wà nínú ìje.

Nísàlẹ̀ ilé alájà kan ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Òkè ilé náà ni àbúrò ọkọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ìyàwó tirẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí í ṣe olùkọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nítorí pé Ẹ̀fúùfù ni ó kọ́kọ́ wọ ilé ọkọ, òun ni ìyáálé. Olùkọ́ náà ni ìyàwó, bí ó tilẹ̀ kàwé jù ú, tí ó sì ga jù ú. Bí ìyáálé bá wà lójú ọ̀nà, ìyàwó a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí yóò fi kọjá; bí ìyáálé bá ń sọ̀rọ̀, ìyàwó a pa tirẹ̀ mọ́ inú. Ètò yìí dára púpọ̀ lójú Ẹ̀fúùfù, nítorí pé òun ni ó ṣe láǹfààní.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi eré sísá mọ ìyàwó. Láàárọ̀ kùtùkùtù àwọn méjèèjì a jáde, ìyáálé a ṣáájú, ìyàwó a máa bọ̀ lẹ́yìn, bàtà rẹ̀ a sì máa dún pà, pà, pà lórí ọ̀dà. Kò sí orin tí ó dùn létí Ẹ̀fúùfù tó ìró náà. Bí òkè bá le, tí èémí rẹ̀ bá ń kúrú, ìró yẹn a sọ fún un pé ẹnì kan ń bẹ tí àárẹ̀ mú ju òun lọ. Bí ènìyàn ti lè ga tó, kò lè mọ̀ àfi bí ẹlòmíràn bá dúró tì í.

Ní ọjọ́ kan, ìyàwó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà kan tí Ẹ̀fúùfù kò rí irú rẹ̀ rí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò nípọn ju awọ ìgbànú lọ. Kò ní gìgísẹ̀, kò ní tìmùtìmù kankan, iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ kí àwọn ọmọ ìka lè nà bí ó ti wù wọ́n. Ẹ̀fúùfù wo bàtà ti ara rẹ̀, èyí tí fóòmù abẹ́ rẹ̀ ga bí ìrọ̀rí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, ìbọ̀sẹ̀ lo wọ̀ jáde yẹn o. O gbàgbé bàtà sílé."

"Bàtà ni, mà. Wọ́n ní bí ẹsẹ̀ bá ń gbọ́ ohun tí ilẹ̀ ń sọ, á mọ bó ṣe yẹ kó tẹ̀ ẹ́."

"Kí ni ilẹ̀ fẹ́ sọ? Òkúta ló máa bá ẹ sọ̀rọ̀, wàá sì fi igbe dá a lóhùn."

"Ó ti bá mi sọ̀rọ̀ lánàá, mà," ni ìyàwó wí. "Ọ̀rọ̀ náà ò ṣe é tún sọ níwájú àgbà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbéra. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ẹ̀bá odò ni ẹ̀rín ti tán lẹ́nu Ẹ̀fúùfù. Kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn: ìyàwó ń bẹ níbẹ̀, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ológbò. Ó tún sáré díẹ̀, ó tún bojú wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà ni ọrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó ju ẹsẹ̀ lọ.

Oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn àdúgbò ṣí iyàrá ìgbẹ̀bí tuntun, wọ́n sì ṣe eré ìje kékeré kan láti fi yọ̀. Ẹ̀fúùfù ni ó ṣíwájú àwọn obìnrin títí wọ́n fi yà sí òpópó tí ó kángun sí ìparí. Ibẹ̀ ni ohùn jẹ́jẹ́ kan ti dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọ̀tún rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, ìyáálé mi. Ẹ má bínú, mà, mo fẹ́ kọjá."

Ìyàwó sì kọjá.

Bí ó bá ti kọjá láìfọhùn ni, ìbá sàn. Ìkíni yẹn ni ó wọ Ẹ̀fúùfù lára bí abẹ́rẹ́ tí ó ṣẹ́ sínú àtàǹpàkò. Ta ni ó ń ní èémí tí ó fi ń kí ènìyàn nígbà tí ìje fẹ́ parí? Onígbàjámọ̀ àdúgbò, tí í ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ eré ìje, gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ó kígbe pé, "Ẹ̀fúùfù ti rọlẹ̀ o! Ìjì ti dé!" Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀fúùfù pẹ̀lú pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń pa ẹ̀fọn ni.

Láti ìgbà náà, owú bá a wọlé, ó bá a jẹun, ó sì bá a jókòó nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀, ẹni tí ń tún ẹ̀rọ amómitutù ṣe, dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó mú aṣọ ọmọ ilé-ìwé kan lórí tábìlì, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ìyàwó mi, apá aṣọ ta lo rán mọ́ ibi ọrùn yìí?"

"Bàtà ni."

"Bàtà ló rán apá aṣọ?"

"Bàtà ló sáré, mo ní. Kì í ṣe òun."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Kí wọ́n wá gbé ife ẹ̀yẹ fún bàtà, kí ìyàwó máa bọ̀ nílé."

Ẹ̀fúùfù kò rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó bá a tí ó ń fi abẹ fá ẹ̀yìn etí ọkùnrin kan.

"Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé òfin ìje wa gbà kéèyàn má wọ bàtà?"

"Ta ni ò wọ bàtà?"

"Ìyàwó ilé wa. Ohun tó ń wọ̀ yẹn, ṣé bàtà la máa pè é?"

Ọkùnrin tí ń bẹ lórí àga fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Má rẹ́rìn-ín," ni onígbàjámọ̀ wí fún un, "etí ẹ wà lọ́wọ́ mi." Ó wá yíjú sí Ẹ̀fúùfù. "Òfin wa ní kí kálukú wọ aṣọ, kó má sì gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ bàtà ò sí níbẹ̀."

"Ẹ fi kún un."

"Tá a bá fi kún un, wọ́n á ní ká wọn gíga tìẹ náà. Ìwọ tó o gun àkàbà sáré!"

Nígbà tí òfin kọ̀ láti ràn án lọ́wọ́, ó pinnu láti ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó lọ sí ọjà kejì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, ó ra bàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ti ìyàwó gẹ́lẹ́. Ẹni tí ó tà á fún un kìlọ̀ pé kí ó kọ́kọ́ máa fi rìn nínú ilé fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

"Bàtà ni mo wá rà," ni Ẹ̀fúùfù dá a lóhùn, "mi ò ra òwe."

Ní ọjọ́ náà gan-an ni ó dá nìkan gun òkè, tí ó sọ̀ ọ́, tí ó sì tún un gùn. Ilẹ̀ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lóòótọ́, èébú ni ó sì bú u. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ ti le bí igi, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ bí akàn. Ọkọ rẹ̀ fi òróró pa á lẹ́sẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀fúùfù mi ti di ìgbín." Obìnrin náà sì ri bàtà tuntun mọ́ abẹ́ àkísà aṣọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí ìje ńlá ku ọ̀la, ìyàwó kan ilẹ̀kùn. Kò jókòó; ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń fi ọwọ́ pa etí tábìlì.

"Ìyáálé mi, mo gbọ́ pé ẹ lọ bá akọ̀wé nítorí mi."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkùnrin tí wọ́n ń fá irun fún lọ́jọ́ náà, ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi. Ẹ má bínú sí mi, mà. Tó bá di ọ̀la, màá padà sí ipò mi."

"Ipò wo?"

"Ẹ̀yìn yín. Bí mo ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀."

Ẹ̀fúùfù gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Bí o ṣe máa ń ṣe báwo?"

"Tá a bá ti ń sún mọ́ pápá, mo máa ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn ni, mà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọjá ìyáálé mi lójú gbogbo ayé? Lọ́jọ́ ti ilé ìwòsàn yẹn, bàtà yẹn fúyẹ́, ara mi yá, mo kàn gbàgbé ara mi. Ìgbà tí mo fi máa rántí, mo ti dé ẹ̀gbẹ́ yín. Ni mo bá kí yín."

Gbogbo ọdún tí Ẹ̀fúùfù ti fi àyà já okùn lójú ìyàwó yìí bẹ̀rẹ̀ sí í tú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ojú rírán tí a kò ta kókó sí lópin. Kì í ṣe bàtà. Bàtà ìbá rọrùn. A lè ra bàtà. Nǹkan tí ó rò pé òun fi òógùn rà, ọmọdé kan ni ó ń fi í tọrẹ fún un, ó ń fi ọ̀wọ̀ wé e bí ẹ̀bùn. Ó ṣòro láti kórìíra ẹni tí ń bọ̀wọ̀ fún ni. Ẹ̀fúùfù tiraka, ó sì ṣe é.

"Máa lọ sókè," ni ó wí. "Lọ sùn."

Ní ọ̀la rẹ̀, bàtà onífóòmù rẹ̀ àtijọ́ ni ó wọ̀. Èrò pọ̀. Láàárín àwọn obìnrin tí ó fẹ́ sáré ni ẹnì kan wà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, obìnrin sísanra kan tí ó wọ ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, tí èémí rẹ̀ sì ń dún bí ewìrì alágbẹ̀dẹ kí wọ́n tó gbéra pàápàá. Kò sí ẹni tí ó kà á kún.

Wọ́n gba ẹ̀bá odò, wọ́n gun òkè, wọ́n sọ̀ ọ́. Ẹ̀fúùfù ni ó ṣíwájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ilẹ̀ parọ́rọ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìyàwó ń bẹ níbẹ̀, pé ó ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, pé èémí rẹ̀ balẹ̀. Bí wọ́n ti wọ pápá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe, "Ẹ̀fúùfù! Ẹ̀fúùfù!" Orúkọ náà bọ́ sí i lọ́rùn bí aṣọ tí a wọ̀n fún ẹlòmíràn. Okùn ìparí ti wà níwájú rẹ̀ gbangba, ó ń wò ó. Ó sì rí i pé òun kò lè gbà á ní ẹ̀bùn.

Ó dúró gbọin-gbọin. Ìyàwó pẹ̀lú dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Kọjá!" ni Ẹ̀fúùfù wí.

"Ẹ máa lọ, mà."

"Mo ní kí o kọjá!"

"Há! Ìyáálé mi, mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáájú."

"Ṣé o fẹ́ pa mí lójú ayé ni?"

"Kí ni wọ́n dúró ṣe?" ni onígbàjámọ̀ ń bi gbohùngbohùn léèrè. "Ṣé ẹnu ọ̀nà yàrá ni wọ́n dé ni?"

Ibi tí wọ́n ti ń bá ara wọn fà á ni ewìrì ti ń dún bọ̀. Obìnrin sísanra náà yọ, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀. "Ẹ kú ìdúró o!" ni ó kí wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó sì gba àárín wọn kọjá lọ já okùn.

Pápá gbóhùn sókè. Àwọn méjèèjì yanu. Ẹ̀fúùfù ni ó kọ́kọ́ rí ohùn lò, ohùn ìyáálé pọ́ńbélé tí a kì í fi dá ni lóhùn.

"Sáré! Tí o bá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, mi ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé mi. Sáré!"

Ìyàwó sáré. Òun náà sáré tẹ̀ lé e, ó sáré bí kò ti sáré rí, ó ju apá, ó ju ẹsẹ̀, ó ju gbogbo ọdún rẹ̀ sí i. Ilẹ̀ tí ó kù kò gùn, síbẹ̀ àlàfo àárín wọn ń là bí aṣọ tí sísọ́ọ̀sì mímú gbà láàárín. Ìyàwó ṣe ipò kejì. Ẹ̀fúùfù ṣe ìkẹta, ó sì wó lulẹ̀ lórí koríko.

"Ẹ má bínú, mà," ni ìyàwó wí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Tí o bá tún sọ pé kí n má bínú, màá bínú." Ó mí, ó tún mí. "Láti ọ̀la lọ, ìwọ ni á máa ṣáájú."

"Ìyáálé mi, ẹ wo—"

"Ṣé èmi kọ́ ni ìyáálé ni? Mo ti sọ̀rọ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó ṣáájú, ara rẹ̀ kò lélẹ̀, ó ń bojú wẹ̀yìn títí Ẹ̀fúùfù fi jágbe mọ́ ọn. Nígbà náà ni ó gbọ́ràn, tí ó sì na ẹsẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń sáré pọ̀, Ẹ̀fúùfù ráyè wo ẹ̀yìn obìnrin náà dáadáa: èjìká tí kò mì, òógùn tí ó rin ẹ̀wù láàárín, gìgísẹ̀ méjèèjì tí ń gbé sókè bí ẹni tí kò jẹ ilẹ̀ ní gbèsè. Kò sí ohun tí ó kórìíra láyé tó ẹ̀yìn náà. Ó tẹjú mọ́ ọn, kò jẹ́ kí ó bọ́ lójú òun, ó sì ń lé e lọ.