Ọmú Tí Mo Fi Pe Tóbi

Ẹ má bi mí ní ọ̀rọ̀ ìdìbò Amẹ́ríkà mọ́. Ohun tí mo fi ẹnu ara mi fà ti tó mi.

Ìlhàm, ọmọbìnrin ẹ̀yà Zarma kan tó ń gba èrò àwọn ará Niamey jọ, ló yà sí ṣọ́ọ̀bù òwú mi ní àdúgbò Kalley. Ó fi Haúsá bi wá pé, ká ní àwa náà ń dìbò ní Amẹ́ríkà, ta la máa mú. Hàwáù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mú obìnrin tó ń du ipò ààrẹ; ó ní ó tó kí obìnrin jókòó síbẹ̀. Kí ló kàn mí kan obìnrin? Ọdún mẹ́sàn-án ni mi ò ti fojú kan Tóbi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Kò níwèé ìgbélùú ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ wálé. Mo ní kí Ìlhàm kọ orúkọ ọkùnrin tó ní òun á lé irú wọn padà sílé. Ó wojú mi, ó tún béèrè. Mo ní kó kọ ọ́ jàre.

Bó ṣe lọ tán, mo ṣe ohun tí àwọn ìyá wa máa ń ṣe bí ọmọ bá pẹ́ lájò. Mo wọ kọ̀rọ̀, mo di ọmú mi mú.

"Tóbi, ọmú tí o mu yìí ni mo fi pè ọ́. Wálé."

Hàwáù gbọ́, ó ní a kì í fi ìyẹn ṣeré. Mo ní kó lọ gbọ́ ti aṣọ rẹ̀. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́.

Ọkùnrin náà wọlé ìbò. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi dá Tóbi padà, tòun ti àpò ike kan. Mo jó, mo sunkún ayọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò jẹun. Èjìká rẹ̀ ló ń fọwọ́ pa ṣáá. Lọ́jọ́ kẹta ló tó sọ pé òun ti bímọ lọ́hùn-ún, Tìfẹ́olúwa, ọmọ ọdún mẹ́ta, òun fẹ́ gbé e wá bá mi lójijì ni. Orí èjìká yẹn ni ọmọ náà wà láàárọ̀ tí wọ́n mú Tóbi. Wọ́n gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Ìyá ọmọ náà ti sá kúrò níbi tí wọ́n ń gbé, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́; Tóbi ò mọ ibi tí ọmọ wà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọdé lẹ́yìn páálí òwú, lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Tóbi.

Kò bínú. Ì bá kúkú bínú. Ó kúnlẹ̀, ó di ìró mi mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe òun náà."

Tìfẹ́olúwa ò mu ọmú mi rí.