Kámẹ́rà Tuntun Dúró-jẹ́ẹ́

Dúró-jẹ́ẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ayàwòrán náà, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kó tó ya ẹnikẹ́ni. Agídí rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ra kámẹ́rà tuntun fún un, èyí tí kò ní lẹ́ńsì, torí lẹ́ńsì kámẹ́rà rẹ̀ àtijọ́ á wọ̀ ọ́ wẹ́kú, ńṣe ló gbé e jù sórí kọ́bọ́ọ̀dù tòun ti páálí.

"Ta ló máa jàǹfààní ẹ̀?" ló bi í. "Inú oòrùn làwọn tí mò ń yà máa ń dúró sí. Ojú ló ń ya fọ́tò, kì í ṣe kámẹ́rà."

"Bàbá mi, eléyìí ń ríran nínú òkùnkùn."

"Ṣé ológbò lo rà fún mi ni?"

Kò pẹ́ sígbà náà ni àbúrò Dúró-jẹ́ẹ́ obìnrin bímọ, oṣù ò sì tíì pé. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde ní ọsibítù. Ìyá wà nísàlẹ̀, kò lè dìde. Ọmọ wà lókè, nínú àpótí onígíláàsì, ní yàrá tí wọ́n mú kó ṣókùnkùn nítorí ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ya ojú ẹ̀ wá," ni àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Mi ò tíì rí i."

Kámẹ́rà àtijọ́ ni Dúró-jẹ́ẹ́ gbé gòkè. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ tan fíláàṣì. Ó yà á títí. Èyí tí kò dúdú rí wúruwùru, bí ìgbà téèyàn da iyanrìn sí i. Ó wá lọ ń sọ fún ìyá ọmọ pé tí wọ́n bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, òun á yà á dáadáa. Obìnrin náà kàn ń wò ó. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìtìjú mú ọkùnrin náà délé, ó sọ páálí kámẹ́rà tuntun náà kalẹ̀, ó sì fi lẹ́ńsì àtijọ́ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó dúró ti àpótí náà. Ó fẹ́ẹ́ sọ pé "dúró jẹ́ẹ́", ó sáré gbé e mì. Àyà ọmọ náà ń lọ sókè sódò bíi tẹni tó sáré dé, ó sì wù ú kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà náà ríran lóòótọ́: ìpéǹpéjú, ìka tó di rọ́bà atẹ́gùn mú, àgbọ̀n tó jìn wọnú díẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ náà lọ.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́," làwọn tó wá kí ìyá rẹ̀ ń sọ. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n jáde tán, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Mi ò tiẹ̀ mọ bí omi ọ̀hún ṣe rí."

Dúró-jẹ́ẹ́ wá fọ́tò ọmọ náà jáde lójú kámẹ́rà tuntun. Ó gbé kámẹ́rà lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà fi etí aṣọ nu ojú kámẹ́rà náà, ó wò ó títí.

"Àgbọ̀n ìyá wa."

"Àgbọ̀n ìyá wa ni," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì bú sẹ́kún.

Ọmọbìnrin Dúró-jẹ́ẹ́, tó dúró tì wọ́n, na ọwọ́ láti gba kámẹ́rà náà.

"Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi ná," ni ìyá ọmọ náà sọ.

Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbàkigbà tí ojú kámẹ́rà náà bá kú, Dúró-jẹ́ẹ́ á na ọwọ́, á tún un tàn fún un.