Tẹlifíṣọ̀n Tí Ibà Mú

Ṣadé ọ̀rẹ́ mi, àlá tí mo lá mọ́jú òní kò dáa o. Tẹlifíṣọ̀n wa tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì ló kó fáírọ́ọ̀sì bíi kọ̀ǹpútà. Ara rẹ̀ gbóná janjan, mo wá ń fi àdí pa á lára bí ọmọ tí gìrì mú. Ni màámi tó ti kú bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: "Àbẹ̀kẹ́, òtútù ń mú mi. Ṣílẹ̀kùn."

Àwọn ló kọ́ mi pé a kì í dá òkú lóhùn lójú àlá. Àánú wọn ṣe mí, mo ní, "Ẹ wọlé, mà."

Ẹ̀rín tó jáde kì í ṣe tiwọn. Mo ta jí.

Lánàá, lójú ayé, tẹlifíṣọ̀n yẹn kọ ìbéèrè kan sójú rẹ̀ pé ṣé mo gbà, mo tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láìkà á. Ṣadé, ta ni mo ní kó wọlé?