Àṣẹ Méjì fún Mubarakah

Ọláṣùpọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ìkòtún. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun nìkan ló sì mọ páásíwọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ kéèyàn yí nǹkan padà nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé ó láhun. Òṣìṣẹ́ tó fún ní gbogbo àṣẹ nígbà kan gbé géèmù bọ́ọ̀lù wọnú ẹ̀rọ náà, fáírọ́ọ̀sì bá a wọlé, ó sì pa iṣẹ́ oníbàárà mẹ́rìnlá rẹ́. Láti ìgbà náà, Mubarakah tó ń bá a tẹ̀wé kì í fọwọ́ kan ohun tó ju iṣẹ́ iwájú rẹ̀ lọ.

Ní Sátidé kan, Bàbá Olútáyọ̀, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, wá yẹ ìwé pẹlẹbẹ ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún rẹ̀ wò. Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, mo ní èmi ni ọkọ Olúfúnmiláyọ̀, ẹ wá sọ mí di oko rẹ̀! Ṣé iṣu ló fẹ́ gbìn sí mi lórí ni?"

Ojú ti Mubarakah. "Ẹ má bínú, Bàbá. Irú lẹ́tà tí ẹ mú yìí ni kò ní àmì abẹ́. Mo ti rí òmíràn tó ní in, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò jẹ́ kí n gbé e wọlé láìsí páásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá mi."

"Pè é, jàre. Ọ̀la la fẹ́ ṣe é."

Ọláṣùpọ̀ wà ní ìpàdé àwọn onílé ní Egan. Nígbà tí Mubarakah pè é, ó jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ páásíwọ́ọ̀dù náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

"Ọ̀gá, mi ò gbọ́ o!"

"Mo ní Àbẹ̀kẹ́dídùn! Dídùn! Bíi ti oyin!"

Orúkọ tó ń pe ìyàwó rẹ̀ nílé ni. Ẹ̀rín sọ nínú ìpàdé.

"Ọláṣùpọ̀, bá wa kí Àbẹ̀kẹ́ o!" ni alága wí.

Bàbá Olútáyọ̀ gba ìwé rẹ̀ pẹ̀lú àmì abẹ́ nínú rẹ̀, ó lọ tayọ̀tayọ̀. Ọkàn Ọláṣùpọ̀ ni kò balẹ̀, torí gbogbo àdúgbò ti mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó pe Akínbọ́lá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

"Bá mi yí i padà, kí ọmọ yìí má sì tún pè mí mọ́."

"Ẹ fún òun náà ní àṣẹ nígbà náà."

"Gbogbo àṣẹ? Rárá o!"

"Ta ló ní gbogbo ẹ̀? Kí ló máa ń pè yín fún?"

Ọláṣùpọ̀ ronú. "Bó bá fẹ́ gbé irú lẹ́tà tuntun wọlé. Àti bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá dá iṣẹ́ dúró."

"Méjì péré! Àwọn méjì yẹn la máa fún un, pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà á máa kọ ohun tó bá ṣe sílẹ̀, àti ọjọ́ tó ṣe é. Bó bá tẹ nǹkan mìíràn, á kọ̀ fún un."

Nígbà tó parí, Ọláṣùpọ̀ ní kí Mubarakah gbìyànjú láti pa iṣẹ́ àwọn oníbàárà rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀. Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀.

"Ọkàn mi balẹ̀ wàyí, ọ̀gá. Látọjọ́ tí mo ti dé ibí lẹ̀rù ti ń bà mí pé n ó ba nǹkan jẹ́."

Ọláṣùpọ̀ wò ó. Kò mọ̀ rí pé ẹ̀rù ń bà á.

Ní Tọ́sìdeè, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́ nígbà tí oníbàárà mẹ́ta wà lórí ìdúró. Kí Ọláṣùpọ̀ tó gbé ẹ̀kọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, Mubarakah ti tún un tàn, ìwé sì ti ń jáde. Ọ̀gá na ẹ̀kọ náà sí i.

"Ṣé wàá jẹ nínú ẹ̀kọ yìí?" ló bi í.