Ojú Dúródèmí

"Gbójú sókè. Mo ní kó o gbójú sókè! Ẹ̀kán kan péré ni."

Bàbá télọ̀ ti kúnlẹ̀ sáàárín àgékù aṣọ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó fi apá òsì gbá ajá rẹ̀ mọ́ra, ó di ìgò oògùn kékeré kan mú lọ́wọ́ ọ̀tún. Ajá náà ń ju orí sọ́tùn-ún sósì. Ajá tí àwọn oníbàárà máa ń tẹ̀ nírù tí kì í janpata ló wá ń ṣí eyín sí ẹni tó ni ín yìí. Nígbà tí oògùn yóò fi kán, etí ajá ló kán sí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàámi. Kí lẹ̀ ń kán sí i?"

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀. Tíṣà ni, ìlú mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́, àfi tí wọ́n bá gba ọlidé kó tó ráyè wá wo bàbá rẹ̀.

"O káàbọ̀, ọmọ mi. Ojú ló ń dùn ún, mo ń tọ́jú ẹ̀ ni."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, kò sì tíì dìde tó fi rí ojú ajá. Ti òsì ti pọ́n koko. Ajá náà ń là á díẹ̀, ó ń tún un pa dé, omi ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀, ipin tó nípọn sì ti lẹ irun abẹ́ ojú pọ̀. Nígbà tó yí i sí fèrèsé, ajá sá fún ìmọ́lẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú pé kóun fi họ ojú. Kùrukùru funfun kan ti bo àárín ẹyinjú náà, bí èémí ṣe máa ń bo dígí.

"Látìgbà wo, Bàámi?"

"Ọjọ́ mẹ́rin. Ó lè jẹ́ márùn-ún. Ojú pípọ́n lásán ni, ó ti fẹ́ẹ́ lọ."

"Èyí ò fẹ́ẹ́ lọ síbì kankan o. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran."

"Dókítà kẹ̀? Ọdún mẹ́sàn-án ni màmá ẹ fi tọ́jú ojú ajá yìí, ṣé o gbọ́ pé ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà rí? Ohun tó ń lò fún un náà ni mò ń lò. Wò ó." Ó na ìgò náà sí i.

Ọmọ gba ìgò, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó kàn jù ú sínú báàgì rẹ̀, ó sì wá okùn ajá lọ.

Ìyàwó télọ̀, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ló sọ ajá náà lórúkọ. Ó bá ọmọ ajá kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù níjọ́ tí òjò ń rọ̀. Ó ń kánjú lọ ra bọ́tìnnì, ló bá sọ fún un bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ pé, "Dúró dè mí o, mò ń bọ̀." Nígbà tó fi máa dé, ọmọ ajá ò kúrò lójú kan. Bó ṣe di Dúródèmí nìyẹn, tó di ará ilé. Télọ̀ ráhùn títí pé ibi tí a ti ń ránṣọ kọ́ là á ti í sin ajá, àmọ́ ta ló dá a lóhùn?

Láràárọ̀, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà, ìyá náà á gbá abẹ́ tábìlì ìgéṣọ níbi tí ajá ń sùn sí, á gbé abọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á sì pe ajá. Òwú kan fún ojú kan ni, kì í fi èyí tó fi nu ọ̀tún kan òsì. Láti igun imú ló ti ń nù ún bọ̀ síta. Bí irun bá gùn tó fẹ́ máa gún un lójú, á fi sísọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ kò rí ṣóńṣó gé e. Yóò wá gbé àgbọ̀n ajá sókè sí ìmọ́lẹ̀, á ní, "Jẹ́ kí n wojú ẹ." Tó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gbé ọwọ́ tútù yẹn bọ̀ nídìí máṣíìnì.

"Télọ̀ mi, ó kàn yín. Ẹ kọjú síbí."

"Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, jàre."

Ohun tó máa ń sọ fún un nìyẹn, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ. Oṣù mọ́kànlá rèé tí obìnrin náà ti lọ. Kò sí ohun tí kò lè fi sílẹ̀ nísinsìnyí kí ọwọ́ tútù yẹn lè tún kan àgbọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

Lójú ọ̀nà, Dúródèmí forí gbá òpó iná lápá òsì. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí bàbá náà fi kọsẹ̀ lára òkúta tí ọmọdé ò lè ṣàìrí.

"Ẹ rọra, Bàámi."

"Bàtà yìí ni."

Kì í ṣe bàtà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí abẹ́rẹ́ kan ti ń di méjì lójú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan dá ẹ̀wù padà pé apá kan gùn ju ìkejì lọ, bàbá télọ̀ ní aṣọ náà ló súnkì. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà á pé tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní kó fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, kò sì mọ ohun tí yóò máa fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe.

Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni dókítà ẹran, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti agbẹ̀bí. Ó kán omi aláwọ̀ ọsàn sójú ajá, ó fi omi mìíràn ṣan án, ó pa iná yàrá, ó tan iná búlúù sí i. Ibì kan láàárín ẹyinjú tàn yòò bí ewé tútù.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Ibi tó ń tàn yìí, egbò ni."

Bàbá télọ̀ sún mọ́ ọn, ó tún fà sẹ́yìn, ó mi orí bí ẹni tó rí i.

"Kí lẹ ti ń kán sí i?"

Ọmọ rẹ̀ yọ ìgò náà. Dókítà kà á, ojú rẹ̀ fà ro. "Áà, Bàbá. Oògùn yìí dáa fún ojú tó bá kàn wú. Tí egbò bá ti wà níbẹ̀, kì í jẹ́ kó jinná, ńṣe ni egbò ọ̀hún á máa jìn sí i. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára yìí sì fi hàn pé ó ti lé lọ́dún tí wọ́n ti ṣí i."

"Ohun tí ìyàwó mi ń lò fún un ni."

"Bàámi." Ọmọ náà gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Màmi ò kán an sí ajá lójú rí. Ojú ara wọn ni wọ́n ń kán an sí, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ojú tí wọ́n ṣe fún wọn. Èmi ni mo kọ́kọ́ ń bá wọn kán an kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ṣe fúnra wọn. Omi lásán àti òwú ni ti Dúródèmí."

Bàbá télọ̀ gba ìgò náà, ó ń yí i lọ́wọ́. Ó ṣáà ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀ lójoojúmọ́: "Ẹ̀kán kan níbí, ẹ̀kán kan lọ́hùn-ún, má ṣẹ́jú." Ajá ló rò pé ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó jókòó sí yàrá kan náà pẹ̀lú wọn, ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, ó ń tẹ máṣíìnì rẹ̀ lọ. Kò yíjú wò wọ́n lọ́jọ́ kan. Ojú tì í, àárò aya rẹ̀ sì sọ ọ́.

"Ṣé ojú yẹn máa fọ́ ni, Dókítà?"

"Ká ní ẹ kán an fún ọjọ́ méjì sí i ni, mi ò bá má lè bá yín sọ̀rọ̀ ìtùnú. Egbò náà ò tíì jìn jù. Ẹ máa kán èyí tí mo fún yín yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ẹ mú un padà wá lọ́túnla." Ó fi ike kan tó rí bí àrọ yí ajá lọ́rùn kó má baà họ ojú. "Ibo ló ń sùn sí?"

"Abẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ."

"Èérún ṣọ́ọ̀kì àti òwú á wà níbẹ̀. Ta ló ń gbá a?"

Bàbá télọ̀ nawọ́ yọ fọ́nrán òwú kan kúrò nírun ajá.

"Ẹ máa gbá a," ni dókítà wí pẹ̀lẹ́. "Kẹ́ ẹ sì máa wò ó lójú láràárọ̀. Ajá ò lẹ́nu tó máa fi sọ pé ojú ń dun òun. Àwa tá a lẹ́nu, tá a bá dákẹ́, tara wa a máa bá wa dákẹ́, ká tó wá sọ ti ajá."

Nígbà tí wọ́n délé, bàbá náà fúnra rẹ̀ ló da oògùn inú ìgò nù. Ó fọ ìgò náà mọ́, ó gbé e padà sójú fèrèsé. 

Nígbà tí wọ́n padà lọ lọ́túnla, dókítà ní egbò ti ń dí, pé àpá kékeré lè kù níbẹ̀ àmọ́ ajá yóò ríran. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìyẹn, ọmọ rẹ̀ jí bá ìró ìgbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá rẹ̀ ti gbá abẹ́ tábìlì, ó ti sún àga síwájú fèrèsé, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wà nínú abọ́. Ó bọ́ ike lọ́rùn ajá. Òwú kan fún ọ̀tún. Ó jù ú nù, ó mú òmíràn fún òsì, ó nù ún láti igun imú bọ̀ síta, ó kán oògùn. Dúródèmí ò ṣí eyín rárá.

"Jẹ́ kí n wojú ẹ," ló wí, ó sì gbé àgbọ̀n ajá sókè.

Ó wò ó. Ó fà sẹ́yìn wò ó. Ó sún mọ́ ọn títí imú àwọn méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"Ọmọ mi, kùrukùru yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ tán díẹ̀ ló kù, Bàámi. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

Bàbá télọ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí máṣíìnì wà pẹ̀lú aṣọ oníbàárà tí kò tíì parí. "Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi" ti dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó yí àga rẹ̀ kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ó gbé àgbọ̀n ara rẹ̀ sókè.

"Rárá, mi ò rí i," ló wí. "Ki ọwọ́ bọ omi abọ́ yìí díẹ̀, kó o wá wo tèmi náà."