Ọwọ́ Opó Nínú Wọ́ọ̀dù Agbẹ̀bí

Obìnrin ará Ìyah-Gbẹdẹ náà ti ń rọbí láti àfẹ̀mọ́júmọ́, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Síbẹ̀, nígbà tí Ọmọ́ṣọlá na ọwọ́ láti yẹ ikùn rẹ̀ wò, ó kó ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jọ bí ẹni pé olè ló wọlé.

"Ìwọ kọ́," ló wí. "Ẹ bá mi pe nọ́ọ̀sì mìíràn."

"Èmi ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyá."

"Yí ìpàkọ́ rẹ sí mi kí n rí i."

Ọmọ́ṣọlá kò yí i. Kò ní ohun tó fẹ́ fi pamọ́, ṣùgbọ́n kò ní máa yí orí kiri bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ rà lọ́jà. Àmọ́ fìlà funfun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń dé kì í bo ìpàkọ́. Ìyá ọkọ obìnrin náà, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ti rí i pé abẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, pé irun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù bíi koríko lẹ́yìn iná. Ó mi orí sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. Opó ni, kò sì tíì bọ́ aṣọ dúdú. Ikú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò kan ọmọ titun.

Jẹ̀mílà, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló gba ọmọ náà. Ọmọ́ṣọlá gbé omi gbígbóná wọlé, ó sì kó aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ jáde. Nígbà tí ọmọ náà ké, ẹ̀yìnkùlé ló wà, níbi tí ó ti ń fi ọṣẹ fọ aṣọ, ó sì fọ̀ ọ́ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ìbí kan ṣoṣo ló kù fún un. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó fún ìdánwò agbẹ̀bí ní Kàdúná gbọ́dọ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba iye ọmọ tí ìjọba là sílẹ̀, lójú ọ̀gá rẹ̀. Ó ti gbà wọ́n tán ku ẹyọ kan, kí ibà tó mú Ernest ọkọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ọdún tó tẹ̀ lé ìgbà tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ ilẹ̀ wa wò ni. Kí a tó mọ̀ pé ibà náà le, a ti ń wá pósí.

Olùkọ́ ni Ernest ní ilé ẹ̀kọ́ míṣọ̀n. Nígbà tó wà láyé, bí Ọmọ́ṣọlá bá ń bẹ iṣu lálẹ́, òun a gbé ìwé agbẹ̀bí lé orúnkún, a máa bi í ní ìbéèrè pẹ̀lú ohùn òyìnbó tó ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò, tí òun fúnra rẹ̀ kò rí rí. "Mádáàmù, bí ẹsẹ̀ ọmọ bá ṣáájú orí ńkọ́?" Bí ó bá dáhùn dáadáa, a mú iṣu kan lọ́wọ́ rẹ̀, a bá a bẹ ẹ́. Lẹ́yìn tí ó kú, kò sí ará ilé náà tó bi í ní ohunkóhun mọ́, àfi bóyá ó ti jẹun.

Ilé ìwòsàn Kábà kò jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Sísítà Àgbà, obìnrin òyìnbó tó ga tí kò sì ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló ti kọ́kọ́ sọ pé kó lọ gba ìwé ẹ̀rí agbẹ̀bí. Ó fẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ yìí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òun bá padà sí ìlú òun. Nígbà tí Ọmọ́ṣọlá jókòó ọ̀fọ̀, Sísítà rán àwọn nọ́ọ̀sì lọ kí i, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá lọ kọ́ ọ ní ohun kan kó tó padà. Jẹ̀mílà a jókòó tì í lórí ẹní, a ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," a kí gbogbo ilé yíká, a wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Mádáàmù, kí ni à ń pe egungun tó wà níhìn-ín yìí?" Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, tí Ọmọ́ṣọlá sì sọ pé òun ń padà síbi iṣẹ́, inú bí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀, nítorí ọ̀fọ̀ náà kò tíì pé. Sísítà fún un ní yàrá kékeré kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Níbẹ̀ ló ń bọ́ aṣọ dúdú láràárọ̀, tí ó sì ń wọ funfun. Níbẹ̀ ló tún ń wọ dúdú padà kó tó gba ilé lọ.

Ọjọ́ tí ará Ìyah-Gbẹdẹ kọ̀ ọ́ yẹn, Jẹ̀mílà wá bá a nídìí aṣọ.

"Kọ ọmọ yìí sínú ìwé rẹ bíi tìrẹ," ó ní. "Mo gba tèmi tán tipẹ́. Ọ̀kan ò ní dín mi kù."

"Ìwọ lo gbà á."

"Ìwọ lo gbé omi. Láìsí omi, ṣé ọwọ́ gbígbẹ ni n bá fi gbà á?"

Ọmọ́ṣọlá rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Jẹ̀mílà, bí obìnrin kan bá ń ṣẹ̀jẹ̀ níwájú mi lọ́jọ́ kan ní abúlé bíi Àmúró, tí kò sí dókítà, ṣé omi tí mo gbé ni n óò sọ fún un?"

"O máa ń le jù. Ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ Kàdúná ń lọ."

"Mo mọ̀."

Ní ọjọ́ kejì, Gbádéyan wá sí ọ́fíìsì Sísítà. Òun ni ẹ̀gbọ́n Ernest, òun ló sì ń ṣe olórí ilé láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Ó bọ́ fìlà, ó dúró. Ènìyàn rere ni; ó ti sunkún lórí àbúrò rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Okun o, Sísítà," ó kí i.

"Okun," ni Sísítà dáhùn. Yorùbá rẹ̀ gún ju ti àwọn tó ń sọ ọ́ nílé lọ, nítorí inú ìwé ló ti kọ́ ọ. "Ẹ jókòó, bàbá."

"N kò ní jókòó. Ọ̀rọ̀ ìyàwó wa ni. A kò bá ẹ̀kọ́ jà. Olùkọ́ ni àbúrò mi. Kó jókòó ọ̀fọ̀ náà tán, kó wá máa lọ síbi tó wù ú."

"Ìdánwò mìíràn di ọdún tó ń bọ̀."

"Kó di ọdún tó ń bọ̀."

Sísítà wo Ọmọ́ṣọlá. "Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

"Mo ń lọ, Bàbá Olúṣínà," ni Ọmọ́ṣọlá wí fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ bí ó ti yẹ kí ìyàwó ilé ṣe, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò wo ilẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ìbí rẹ kò pé."

"Yóò pé, sà."

"Ta ni yóò bí i fún ọ? Èmi?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì sọ ẹ̀rín náà di ikọ́. Gbádéyan dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Sísítà kọjú sí Ọmọ́ṣọlá. "N kò lè fi tipá gbé ọwọ́ rẹ lé obìnrin tó kọ̀ ọ́," ó ní. "Ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n n kò ní fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò tìrẹ. Àyè rẹ nínú ọkọ̀ yóò wà títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Èyí tó kù, n kò mọ bí a ṣe ń ṣe é."

Ọmọ́ṣọlá náà kò mọ̀ ọ́n. Ó kàn mọ̀ pé ó ti sú òun kí àwọn ènìyàn máa yọjú wo ẹ̀yìn orí òun.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn aláboyún máa ń wá fún àyẹ̀wò. Wọ́n kún orí bẹ́ǹṣì dé abẹ́ igi máńgòrò, àwọn ti Bùnù, ti Ìjùmú, ti Kábà fúnra rẹ̀, àwọn mìíràn pẹ̀lú ìyá ọkọ wọn. Ọmọ́ṣọlá wá dúró níwájú wọn. Ó yọ fìlà nọ́ọ̀sì, ó sì yí gbogbo ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ wò ó dáadáa," ó ní, "kí ọrùn má baà dùn yín níbi tí ẹ ti ń yọjú. Opó ni mí. Ọwọ́ tí mo fi pa ojú ọkọ mi dé nìyí. Kò sí òmíràn tí wọ́n fún mi. Òun náà ni mo fi gba ọmọ púpọ̀ nínú ìlú yìí, àwọn ọmọ náà sì ń sáré kiri. Ẹni tó bá fẹ́ mi, kó pè mí. Ẹni tí kò bá fẹ́ mi, n óò gbé omi fún un, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n n kò ní fi orí mi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Ìyá arúgbó kan tu obì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọmọ yìí láyà o." Èkejì rẹ̀ dáhùn pé, "Ẹni tí kò láyà kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Máa wo iwájú rẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bọ́ sínú ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò sí ẹni tó pè é lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó pè é ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà rìn ká Kábà.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni Gbádéyan tún wá, pẹ̀lú Bíọ́lá tó rọ̀ mọ́ ọn lápá. Bíọ́lá ni àbíkẹ́yìn ilé náà, àbúrò Ernest. Ọkọ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja níbi òwò, ìrọbí sì ti mú un láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ; láti ọjọ́ tí Ọmọ́ṣọlá ti wọ ilé náà, Ìbàdíàrán ló ń pè é.

Sísítà bi Bíọ́lá pé ta ni kó wá tọ́jú rẹ̀. Jẹ̀mílà ti ń ká apá aṣọ sókè.

"Ìyàwó wa," ni Bíọ́lá wí.

"Ìrora ló ń sọ̀rọ̀," ni Gbádéyan wí.

"Ìrora kò tíì dé ẹnu mi. Ìsàlẹ̀ ló wà." Ó di etí ibùsùn mú, ó sì dúró kí èyí tó ń bọ̀ kọjá. "Mo gbọ́ ohun tó sọ lábẹ́ máńgòrò. Bọ̀dá mi, ẹ ní ikú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ikú ta ni? Ti Ernest. Ernest tó ń gbé mi kọ́ ọrùn lọ sódò. Ṣé òun ni yóò wá pa ọmọ mi?"

Jẹ̀mílà fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti Gbádéyan síta, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ọmọ́ṣọlá fọ ọwọ́. Ó tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Sísítà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó kó ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó so wọ́n pọ̀ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan.

Oòrùn ti yí sí ojú fèrèsé kejì kí orí ọmọ tó yọ. Okùn ìwọ́ ti yí i lọ́rùn, ó fún pinpin, ojú rẹ̀ sì ti dúdú. Ọmọ́ṣọlá gbọ́ bí Sísítà ṣe mí sínú. Kò yíjú wò ó.

"Má tì í," ó wí. "Bíọ́lá, má tì í. Mí bí ajá tó sáré."

Kò mọ̀ pé òun ti pe orúkọ náà. Ó ki ìka bọ abẹ́ ìwọ́, ó wá ibi tó dẹ̀, ó fà á gba orí ọmọ kọjá wẹ́rẹ́. "Ó yá. Tì í báyìí." Ọmọ náà yọ sí i lọ́wọ́, obìnrin ni, ó rọ̀ bí aṣọ tútù. Kò ké. Ọmọ́ṣọlá nu ẹnu rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi aṣọ ra ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kí ló dé tí n kò gbọ́ ohùn ọmọ?" Gbádéyan ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Mo sọ ọ́. Ọmọ́ṣọlá, jáde. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á."

"Ẹ dúró síta, Bàbá Olúṣínà."

"Mo ní kí o jáde."

"Ọmọ wà lọ́wọ́ mi. N kò jáde."

Sísítà kò tú ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ́ṣọlá ra ẹ̀yìn kékeré náà, ó ń ra á, kò ronú kan Ernest, kò ronú kan Kàdúná. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà húkọ́, ó fa ẹ̀mí bí ilẹ̀kùn tó nílò epo, ó sì figbe ta. Bíọ́lá bú sẹ́kún. Jẹ̀mílà ní, "Ẹ wo ohùn. Irú èyí á máa bá ọkọ jà." Nígbà náà ni Sísítà tó tú ọwọ́ rẹ̀ ká, tí ó sì lọ wá kálámù láti buwọ́ lu ìbí tó kù nínú ìwé Ọmọ́ṣọlá.

Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí Gbádéyan ti gbé ọmọ náà, ó dúró de Ọmọ́ṣọlá lójú ọ̀nà yàrá kékeré náà.

"O ṣeun lórí ọmọ," ó ní. "Ìyẹn yàtọ̀. Bí o bá wọ ọkọ̀ lọ́la, má padà wá jókòó lórí ẹní ilé wa."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọmọ́ṣọlá. Orí ẹní yẹn ló ti ń sùn láti ọjọ́ ìsìnkú. "Ernest ni mo jókòó fún, sà," ó ní. "Ibi tí mo bá wà ni n óò ti máa jókòó fún un. N kò ní bọ́ aṣọ rẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó pé. Ṣùgbọ́n mo ń lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó kó yunifọ́ọ̀mù funfun sínú àpótí, ó sì jáde pẹ̀lú aṣọ dúdú. Sísítà ti gba àyè fún un ní iwájú lọ́rì. Láwọ̀yín awakọ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ má bínú, màámi. Opó kì í jókòó níwájú ọkọ̀ mi. Ẹ bọ́ sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn oníṣu."

Jẹ̀mílà ti ń fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ́ṣọlá gbé àpótí rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó gun òkè, ó jókòó níwájú, ó wá na ọwọ́ gba àpótí rẹ̀ padà, ó sì gbé e lé ẹsẹ̀.

"Kàdúná jìn," ó sọ fún awakọ̀. "Bí ẹ bá fẹ́ kí á dúró síbí máa ṣe àríyànjiyàn, mo ti jókòó."

Láwọ̀yín wo Sísítà, ó wo Jẹ̀mílà, ó wo àwọn oníṣu tí wọ́n ń pariwo pé oòrùn ń ga. Ó gun ọkọ̀, ó sì ṣáná sí i.